Ẹ̀pà Kí Òtítọ́ Tó Dé

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó ka ìlà kejì, ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀pà tí mo dì sínú àpòòwé yìí. Mo ti fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, mo sì ti fẹ́ èèpo pupa rẹ̀ dànù, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà ti máa ń ṣe é. Ẹ mọ ohun tí ẹ̀pà jẹ́ láàárín wa. Ẹ mọ̀ pé n kò ní gbé e síwájú yín bí kò bá sí ọ̀rọ̀ tó wúwo lẹ́yìn rẹ̀.

Káyọ̀dé dalẹ̀ mi, Bàbá. Ọmọ yín ọkùnrin, àbúrò mi kan ṣoṣo, dúró níwájú èrò ní ọ̀sán Sátidé tó kọjá, ó sì fi ohun tí mo bá a sọ ní ìkọ̀kọ̀ ṣe orin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan ló mú mi gbé kálàmù. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan nípa yín tó mú kí n máa wo àwòrán yín lára ògiri pálọ̀ bí ẹni tó ń wo àlejò. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn nìyí: ṣé ẹ parọ́ fún un ni? Bí ẹ bá parọ́ fún òun, kí ló dé tí ẹ fi sọ òótọ́ fún èmi?

N kò béèrè fún ara mi nìkan. Mo ń béèrè lórúkọ gbogbo àwọn tó ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì yín rí, lábẹ́ igi furúùtù tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó fi ogún ọdún gba ohun tí ẹ bá sọ bí ẹni gba omi mu. Wọn kò lè kọ̀wé sí yín. Èmi tí ẹ rán lọ sí yunifásítì ni ó yẹ kí n kọ ọ́ fún wọn.

Mo ṣì ń rí yín lórí bẹ́ǹṣì náà. Ìsìn ti parí, aṣọ akọrin ṣì wà lọ́rùn yín, irin olórí méjì tí ẹ fi ń wá ohùn yọrí jáde nínú àpò àyà yín. Ẹ ó ránṣẹ́ pe ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ ó tú ẹ̀pà yíyan láti inú ìwé ìròyìn, ẹ ó fi ọwọ́ méjèèjì ra á, ẹ ó fẹ́ èèpo rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, ẹ ó sì dà á sí àtẹ́lẹwọ́ onítọ̀hún. Ẹ kò ní sọ nǹkan kan títí yóò fi máa jẹ ẹ́. Ẹ a ní ẹnu tó ń jẹ ẹ̀pà kì í jiyàn. Lẹ́yìn náà ni òtítọ́ yóò dé: ibi tí ohùn ti já, ẹni tó ń kọrin kí ọ̀tá rẹ̀ lè gbọ́, ẹni tí kò ka ìwé orin rẹ̀ wá láti ilé. N kò rí ẹni tó bínú dìde rí. Òfin méjì péré ni ẹ fi lélẹ̀: a kì í sọ òtítọ́ láìsí ẹ̀pà, ohun tí a bá sì sọ lórí bẹ́ǹṣì, bẹ́ǹṣì ló ni ín.

Ohun kẹta kan tún wà tí ẹ kò fi ẹnu sọ. Èmi nìkan tí mo máa ń jókòó tì yín ni mo ṣàkíyèsí rẹ̀. Ẹni tí ẹ kò ní ìrètí kankan nínú orin rẹ̀, ẹ kì í fún un ní ẹ̀pà. Ẹ ó mi orí, ẹ ó ní “Ó dára,” ẹ ó sì gbé ojú sókè wo àjà. Àwọn ẹgbẹ́ akọrin tó bá wá bẹ̀ wá wò nítorí kí a lè rí aṣọ wọn, “Ó dára” ni wọ́n máa ń gbà lọ sílé, wọn a sì máa yọ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tó kàn mí. Ọjọ́ Àjíǹde ni. Mo dá ẹsẹ kan kọ níwájú ìjọ, gbogbo àwọn ìyá pàtẹ́wọ́, mo sì ń retí ìyìn. Ẹ pè mí sí ẹ̀yìn, ẹ da ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́, ẹ sì sọ fún mi pé ohùn mi kò gbé orin, pé etí mi ni Ọlọ́run fi orin sí. Mo jẹ ẹ̀pà náà tán. N kò sunkún. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di etí yín: bí tẹ́nọ̀ bá já, ẹ ó ṣíjú wò mí, èmi ó sì fi ìka kan kan orúnkún mi. N kò tún kọrin mọ́ níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè gbọ́. Kódà níbi ìsìnkú yín, nígbà tí gbogbo ìjọ ń kọ orin tí ẹ̀yin fúnra yín yàn, ètè nìkan ni mò ń mì. Ohùn kò jáde. Mo gbà pé òótọ́ ni ẹ sọ, nítorí pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Káyọ̀dé. Ẹ mọ̀ pé ó ti ń ta gìtá kí ẹ tó lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú yín ni ó kó ẹgbẹ́ jọ. Olóríkunkun ni wọ́n pe ara wọn, àwọn mẹ́ta sì ni wọ́n. Káyọ̀dé ló ń ta gìtá tó sì ń jágbe. Bísí, aránṣọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ló ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Wàsíù ni onílù wọn, ọmọ àáfáà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú; ẹnu Wàsíù kì í sinmi. Orin tí wọ́n ń ṣe ni àwọn òyìnbó ń pè ní pọ́ńkì. Ó máa ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé. Kì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ, wọn kì í kọ ọ́ bí a ṣe ń kọrin, wọn a máa pariwo rẹ̀ ni, ìbínú sì ni igi ìdáná rẹ̀. Abẹ́ òrùlé páànù oníbúlọ́ọ̀kù kan tó ti kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, ní ọ̀nà Ilé-Ogbó, ni wọ́n ti ń dán an wò. Eruku sìmẹ́ǹtì ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Bí Wàsíù bá ti kọ́kọ́ lu ìlù ńlá, eruku a fò, àwọn ewúrẹ́ a sì dìde kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ni wọ́n bẹ̀ mí, Bàbá. Ẹ fi èyí sọ́kàn. N kò yọjú sí wọn. Wọ́n fẹ́ ṣeré fún ìgbà àkọ́kọ́ níwájú èrò, níbi àpéjọ àwọn ọ̀dọ́, wọ́n sì ní kí n wá gbọ́ wọn.

“Àǹtí, ẹ má fojú àánú wò wá o,” ni Wàsíù wí. “Ẹ gé wa bí ẹran Iléyá.”

Bísí yí ojú sí i. “Ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀! Ìwọ tó o bú sẹ́kún nígbà tí bàbá ẹ ní ò ń lùlù bí ẹni tó ń pa ejò nínú yàrá?”

“Èmi? Ẹkún kọ́. Eruku sìmẹ́ǹtì ló kó sí mi lójú.”

“Nínú pálọ̀ bàbá ẹ?”

Káyọ̀dé kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó gbé gìtá rẹ̀ sílẹ̀. “Àǹtí mi, gbogbo èèyàn ní Ìwó ló ń sọ fún wa pé ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ ni wọ́n ń kí ẹni tó ń gbálẹ̀. Ọmọ máàsítà akọrin lẹ jẹ́. Ẹ sọ òótọ́ fún wa, bí Bàbá ṣe máa ń sọ ọ́.”

Bí Bàbá ṣe máa ń sọ ọ́. Kí ni mo tún fẹ́ gbọ́? Èmi tí mo ti ẹnu iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ padà wálé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òtítọ́ nìkan ni ìran wa lè fi tún ìlú yìí ṣe, pé irọ́ ìtùnú ló ba ohun gbogbo jẹ́ fún wa. Mo jókòó lórí òkìtì búlọ́ọ̀kù fífọ́, mo sì fi gbogbo etí tí ẹ fún mi gbọ́ wọn.

Kò dára, Bàbá. Okùn gìtá Káyọ̀dé kò bára mu. Wàsíù ń sáré débi pé ó máa ń dé òpin orin ṣáájú àwọn yòókù. Bísí nìkan ló ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn ń ṣe, ṣùgbọ́n ó ń ta gìtá rẹ̀ bí ẹni tó ń sá pamọ́. Èyí tó burú jù ni ọ̀rọ̀ inú orin wọn. Orin mẹ́fà ni, gbogbo wọn lédè òyìnbó tó ń ti imú jáde. Nínú ọ̀kan, wọ́n ń bínú sí yìnyín tó bo ojú títì ìlú kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dé rí. Oòrùn Ìwó ń yan páànù lókè orí wọn, òógùn ń ṣàn lọ́rùn wọn, wọ́n sì ń bú yìnyín.

Mo fi ọjọ́ mẹ́ta kọ ọ́, ojú ìwé mẹ́rin. Mo kọ ọ́ dáadáa, bí mo ṣe lè kọ ọ́ fún olùkọ́ mi. Mo sọ ti okùn, mo sọ ti eré sísá, mo sọ ti ìbẹ̀rù Bísí. Mo bi wọ́n pé kí ni yìnyín ṣe fún wọn. Mo ní kí wọ́n kọ ohun tó ń dùn wọ́n, bí kò bá sì sí ohun tó ń dùn wọ́n, kí wọ́n lọ sùn. Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà le, mo fẹ́ fi nǹkan rọ̀ ọ́ ní ìparí. Nítorí náà ni mo ṣe fi ojú ìwé kẹrin sọ ìtàn ara mi: ti ọjọ́ Àjíǹde, ti bẹ́ǹṣì, ti ètè tí mò ń mì níbi òkú yín. N kò sọ ọ́ fún ẹ̀dá kan rí, kódà n kò sọ ọ́ fún Ìyá wa. Mo kọ ọ́ kí wọ́n lè mọ̀ pé òtítọ́ ti kàn mí rí, n kò sì kú.

Mo fi ìwé náà lé Káyọ̀dé lọ́wọ́ ní pálọ̀ wa. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ilẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé o, máàsítà obìnrin.” A jọ rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn ní ọjọ́ náà, Bàbá. Mo rò pé mo ti fi ara jọ yín.

Ọjọ́ Sátidé pé. Èmi ni mo bá wọn bẹ àwọn tó ni gbọ̀ngàn àpéjọ náà. Èmi ni mo fi orúkọ yín dúró fún wọn pé kò ní sí ohun ìtìjú kankan. Mo mú Ìyá wa dání. Mo tún pe Ìyá Onítẹ́nọ̀, obìnrin kan ṣoṣo tí ẹ gbà láyè láàárín àwọn ọkùnrin tó ń kọ tẹ́nọ̀, nítorí mo fẹ́ kí ẹnì kan láti orí bẹ́ǹṣì rí i pé iṣẹ́ yín kò kú. Iwájú gan-an ni a jókòó sí.

Orin méjì àkọ́kọ́ mú orí mi wú. Wọ́n ti yí okùn gìtá títí ó fi bára mu. Wàsíù ń dúró de Bísí. Bísí ti kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ sípíkà tó máa ń fara pamọ́ sí, ó dúró sí àárín. Gbogbo ohun tí mo kọ ni wọ́n ti ṣe. Ìka mi ń kan orúnkún mi, kì í ṣe nítorí àṣìṣe, ayọ̀ ni.

Nígbà náà ni Káyọ̀dé fa ìwé yọ nínú àpò ẹ̀yìn sòkòtò rẹ̀. Mo dá ìwé mi mọ̀ kó tó tú u tán.

“Orin tó kàn yìí, ẹ̀gbọ́n mi ló kọ ọ́,” ló sọ sínú maíìkì. “Òun fúnra ẹ̀ ni kò tíì mọ̀.”

Èrò rẹ́rìn-ín. Wàsíù fi igi ìlù kan ara wọn lẹ́ẹ̀mẹrin, ilé sì dàrú.

“Okùn yín kò bára mu!” ni Káyọ̀dé jágbe, gbogbo gbọ̀ngàn sì dá a lóhùn: “Kò bára mu!”

“Ẹ ń bínú sí yìnyín!”

“Yìnyín! Yìnyín!”

“Ẹ lọ sùn!”

“Ẹ lọ sùn!”

Wọ́n ń fò sókè. Àwọn kan gbé fóònù sókè láti gbà á sílẹ̀. Ìyá wa ń pàtẹ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi pé mo kúkú mọ orin kọ, mo wá fi pamọ́ fún òun. Mo lè fara da ìyẹn. Ṣùgbọ́n Káyọ̀dé ṣí ojú ìwé kẹrin.

“Bàbá ní ohùn mi kò gbé orin!”

“Kò gbé orin!”

“Níbi òkú Bàbá, ètè ni mò ń mì!”

“Ètè ni mò ń mì! Ètè ni mò ń mì!”

Ọwọ́ Ìyá wa dúró nínú afẹ́fẹ́. Ìyá Onítẹ́nọ̀ dìde, ó tú ìró rẹ̀, ó tún un ró, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde láìwo ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀dọ́ tí n kò mọ̀ rí ń fi ìtìjú mi jó. Ohun tí n kò lè dárí rẹ̀ jì wọ́n ni pé orin náà dára. Etí mi kò lè parọ́ fún mi. Ó dára ju gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe rí lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo bá Káyọ̀dé lẹ́bàá kànga wa lẹ́yìnkùlé. Mo bi í bóyá orí pèpéle ni mo ti bá a sọ ọ̀rọ̀ náà. Mo bi í bóyá kò mọ òfin bẹ́ǹṣì ni.

“Ìwọ lo ní ká kọ ohun tó ń dùn wá.”

Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ìwọ. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ.

“Ohun tó ń dùn mí nìyẹn,” ló wí. “Wọ́n pa ọ́ lẹ́nu mọ́ lọ́mọdé, o sì ń dúpẹ́. O wá fẹ́ pa èmi náà lẹ́nu mọ́, lójú ìwé mẹ́rin. Bàbá ò ṣe irú ẹ̀ sí mi. Mo gbé orin mi àkọ́kọ́ lọ bá wọn ní ọsibítù, mo tẹ̀ ẹ́ fún wọn lórí fóònù. Wọ́n gbọ́ ọ dópin. Wọ́n ní, ‘Ó dára.’”

Ó dára.

Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Nínú ilé wa, èmi nìkan ni mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́nu yín. Àbúrò mi dúró níwájú mi, ó gbé àyà sókè pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì tí ẹ máa ń fi lé àlejò lọ sílé. Gbólóhùn kan péré ni mo nílò láti fi gbẹ̀san gbogbo ohun tó ṣe sí mi. Mo pa ẹnu mi dé. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún yín pé àánú ló mú mi pa á dé. Ó lè jẹ́ pé mo ń tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ mìíràn ni.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ni mò ń bá jà, kì í ṣe òun. Ṣé ẹ ti gbé ojú kúrò lára ọmọ yín ni? Ṣé àìsàn ló sọ òótọ́ yín di rírọ̀, tí ẹ wá fi ìtùnú ra ìfẹ́ rẹ̀, ìtùnú tí ẹ kò fún mi ní ọmọ ọdún mọ́kànlá? Bí ẹ bá lè sọ “ó dára” fún un nítorí ìfẹ́, kí ni ẹ fi sọ tèmi? Mo rántí gbogbo ojú tó ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà. Bí ẹ bá parọ́ lẹ́ẹ̀kan, ta ni nínú wa tó lè mọ èyí tí í ṣe òótọ́?

Ní ọjọ́rú, Ìyá wa ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Láti Sátidé, kò tíì bi mí léèrè ohunkóhun; ó kàn máa ń fi ẹran kún oúnjẹ mi. Mo jókòó tì í, mo sì bi í nípa ọjọ́ tí Káyọ̀dé gbé fóònù wá sí ọsibítù.

“Ọjọ́ yẹn? Ọjọ́ tí máàsítà fi ẹ̀pà yọ mí lẹ́nu ni.”

“Ẹ̀pà wo, Màámi?”

“Ẹ̀pà náà ni! Bí Káyọ̀dé ṣe jáde báyìí ni wọ́n ní kí n lọ ra ẹ̀pà wá. Ẹni tí ògì ò fẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ kọjá. Mo ní, máàsítà, eyín wo lẹ fẹ́ fi jẹ ẹ́? Wọ́n ní àwọn kọ́ ló fẹ́ jẹ ẹ́. Wọ́n ní kí n pe ọmọ náà padà lọ́la, kí n sì ra ẹ̀pà. Mo rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n sùn.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. Ó gbé ojú sókè wò mí.

“Ilẹ̀ mọ́,” ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, “wọn ò sì sọ̀rọ̀ mọ́.”

Ìyàwó máàsítà ni. Ó mọ ohun tí ẹ̀pà jẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́ ni ọjọ́ náà, Bàbá, ẹ má ṣe bá a wí. Ẹ kò gbé ojú yín kúrò lára Káyọ̀dé. “Ó dára” yẹn kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ní òtítọ́ kan fún un, ẹ sì fẹ́ sọ ọ́ bó ti yẹ. Ilẹ̀ kàn mọ́ kí ẹ̀pà tó dé ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo ra ẹ̀pà, mo sì gba ọ̀nà Ilé-Ogbó lọ. Mo ti to ohun tí mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibẹ̀, ẹ̀pà ti wà nílẹ̀. Káyọ̀dé ti tú u sórí búlọ́ọ̀kù kan, nínú ìwé ìròyìn. Ó fi ọwọ́ ra díẹ̀, kò mọ̀ ọ́n rà bíi tiyín, èèpo ṣì pọ̀ lára rẹ̀. Ó dà á sí mi lọ́wọ́.

“Ẹ jẹ ẹ́, Àǹtí mi.”

Ó ti padà sí “ẹ.” Mo jẹ ẹ́. Kí ni mo tún lè ṣe? Nígbà tí ẹnu mi kún, ó sọ tirẹ̀.

“Ojú ìwé mẹ́rin lẹ kọ, kò sí ẹ̀pà kan ṣoṣo níbẹ̀. Ẹ máàkì wa bí ìwé ìdánwò. Bàbá a máa jókòó ti èèyàn.”

Bísí wo ilẹ̀. “Ẹ ní mò ń ta gìtá bí ẹni tó ń sá pamọ́. Òótọ́ ni, Àǹtí. Ṣùgbọ́n Wàsíù ló kà á sókè, ó ń rẹ́rìn-ín.”

“Mo ti bẹ̀ ẹ́,” ni Wàsíù wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ kó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Mo ń jẹ ẹ̀pà, omi ń bọ́ lójú mi, n kò sì lè jiyàn. Èmi tí mo jókòó tì yín fún gbogbo ọdún wọ̀nyí gbàgbé òfin kìíní. Mo gbé òtítọ́ sórí ìwé, mo fi lé wọn lọ́wọ́, mo sì yí ẹ̀yìn padà. Mo ti kó àṣírí Bísí síta kí wọ́n tó kó tèmi. Síbẹ̀, nígbà tí mo gbé ẹ̀pà mì, mo sọ fún Káyọ̀dé pé kò ní ẹ̀tọ́ láti fi òkú yín àti ètè mi ṣe ariwo lójú èrò. Ó tẹ orí ba. Ó ní kò yẹ kí òun ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé wọ́n ti pè wọ́n sí ìlú Kuta ní Sátidé tó ń bọ̀, orin yẹn gan-an sì ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Mo ní kó yọ ojú ìwé kẹrin kúrò. Ó ní ojú ìwé kẹrin ni orin náà.

“Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, Àǹtí mi. Ẹ sọ òótọ́.”

Wàsíù ló já lu ọ̀rọ̀ wa.

“Àǹtí, ẹ kúkú wá jágbe ibẹ̀ fúnra yín. Pọ́ńkì ò béèrè ohùn. Ẹ wo ọ̀gá wa yìí, ṣé ohùn lẹ pe ìyẹn?”

Bísí fi ẹ̀pà kan sọ ọ́ lórí.

Nígbà náà ni mo tú ẹ̀pà tèmi. Mo rà á, mo fẹ́ ẹ, mo dà á sí àtẹ́lẹwọ́ àbúrò mi, mo sì sọ fún un ohun tí Ìyá wa wí, àti ìtumọ̀ “ó dára.” Ó dẹ́kun jíjẹ.

“Kí ni wọn ì bá sọ?”

Mo ní n kò mọ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀. Ó di ẹ̀pà yòókù mọ́wọ́, kò jẹ ẹ́, kò sì dà á nù. Ó ṣì wà nínú ìwé lórí fèrèsé yàrá rẹ̀ títí di àárọ̀ yìí.

Bàbá mi, ó yẹ kí ẹ ti jẹ ẹ̀pà tiyín tán báyìí. Òtítọ́ tèmi rèé. Ẹ sọ òótọ́ fún ọmọ ọdún mọ́kànlá, ẹ kò sì padà wá bi í bó ṣe rí lára rẹ̀. Ẹ sọ pé ohùn mi kò gbé orin. Ẹ kò sọ orin wo. Àwọn yòókù jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n dìde, wọ́n lọ tún un kọ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Èmi nìkan ni ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ ń yìn mí pé mo mọ̀ ọ́n jókòó. Ogójì akọrin ló ní ẹ tọ́ àwọn sọ́nà. Mo lè jẹ́rìí sí i fún wọn. Fún ara mi, n kò lè jẹ́rìí sí i tán.

Ní àná, nígbà tí Wàsíù lọ kí ìrun Àsárì tí àwọn méjì yòókù sì lọ wá omi mu, mo dúró níwájú maíìkì tí iná kò sí lára rẹ̀. Mo jágbe “Ètè ni mò ń mì” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ewúrẹ́ dìde, wọ́n lọ. Kò dùn, Bàbá. Ẹ kò ní gbà á nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ṣùgbọ́n ó jáde.

N kò tíì dárí ji Káyọ̀dé tán, n kò sì tíì dárí jì yín tán. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún un pé kò ní ka ojú ìwé kẹrin ní Kuta. Tèmi ni. Èmi ni n ó kà á.

N ó fi lẹ́tà yìí sínú dúrọ́ọ̀ yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin olórí méjì. Bí ẹ̀pà bá ṣẹ́kù, ẹ má dà á nù. Ẹ tọ́jú rẹ̀ dè mí. Mo mọ̀ pé ẹ ṣì ní nǹkan láti sọ fún mi.

Èmi ni,
etí yín tó fẹ́ràn yín, tó ń kọ́ bí etí ṣe ń di ẹnu.